Kí ló ń mú kí ọkọ̀ lọ tààrà? Ìtàn táyà, láti igbó ìrẹ́ dé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, òwú gígùn rèé o, ẹ wá àyè jókòó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn kéré lójú: kí ló ń mú kí ọkọ̀ lọ tààrà nígbà tí dírẹ́bà ò yí sitiárì? Ọ̀pọ̀ wa á ní "ọwọ́ dírẹ́bà ni." Rárá o. Ọkọ̀ tí ara ẹ̀ dá máa ń fúnra ẹ̀ wá ojú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ dírẹ́bà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n, nǹkan kan ti bàjẹ́ nísàlẹ̀.

2/ Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni mí. Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀wọ̀ la wà, Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ oríta: ọ̀nà Àkúrẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà Ìkàrẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà Ìfọ́n tó lọ sí Benin náà wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí a fẹ́ lọ tí a ò ní gun táyà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn táyà, mo rí i pé igbó ilẹ̀ wa wà nínú ẹ̀. Mo tún rí i pé ìdí tí ọkọ̀ wa fi ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé ni pẹ̀lú.

3/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dáyé. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ní Yúróòpù, igi kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀, igi yẹn lódindi ló sì ń yí. Ọkùnrin kan ní Munich, Georg Lankensperger, ló ronú pé kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa yí lórí ìdí tirẹ̀. Aṣojú ẹ̀ ní London, Rudolph Ackermann, ló gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1818. Orúkọ aṣojú ló wá kù lẹ́nu ayé. Ẹ ṣáà mọ bí ayé ṣe rí.

4/ Karl Benz, tó ṣe ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì ní Jámánì ní 1885, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló fún ọkọ̀ ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú méjì ṣe máa yí pọ̀ láì fa ara wọn lógo ló dà á láàmú. Ó di 1893 kó tó gba ìwé àṣẹ lórí sitiárì ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ wò ó: ẹ́ńjìnnì ti wà, iná ti ń jó nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ lọ tààrà kó sì yí dáadáa ṣì ń da ọ̀gá ńlá láàmú.

5/ Ó wá ku táyà. Rọ́bà tútù ò ṣe é fi ṣe nǹkan tó lágbára: oòrùn á yọ́ ọ, òtútù á jẹ́ kó gan. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé tí wọ́n bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí wọ́n sì fi iná sí i, ó máa le, á sì tún máa nà. Wọ́n fi orúkọ Vulcan pe iṣẹ́ náà, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù. Ibẹ̀ ni "fọkanáísà" ti wá. Bọ̀dá tó ń lẹ táyà lábẹ́ agbòjò ní ẹ̀gbẹ́ títì, orúkọ òrìṣà ló ń jẹ́, òun gan-an lè má mọ̀.

6/ Robert William Thomson, ará Scotland, ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀ láti 1845, ṣùgbọ́n ọjà ò tíì dé fún un. Ní 1888, ará Scotland mìíràn, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní Belfast, tún un ṣe nítorí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ayé ti ń gun bàísíkù. Òkìkí kàn. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ẹni tó ní bàísíkù ló ń wá táyà oníafẹ́fẹ́, gbogbo ilé iṣẹ́ táyà sì ń wá rọ́bà.

7/ Ní 1895, àwọn ọmọ ìyá Michelin ní Faransé gbé ọkọ̀ kan wọ eré ìje láti Paris dé Bordeaux, kí wọ́n sì padà. Táyà oníafẹ́fẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà ní èdè wọn ni "Mànàmáná." Ẹ ó rò pé nítorí eré ẹ̀ ni. Wọ́n ní nítorí bó ṣe ń lọ wọ́gọwọ̀gọ ni, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí mànàmáná ṣe ń ya lójú ọ̀run. Táyà ti dé, ṣùgbọ́n ìlọtààrà ò tíì dé.

8/ Ẹ dúró sí 1895 yẹn, kí ẹ wá bá mi ní Èkó. Ọdún kan ṣáájú ni Gómìnà Carter ti ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n lọ kọ rọ́bà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì mú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá láti Gold Coast kí wọ́n kọ́ wọn. Igi tí wọ́n ń kọ ni ìrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìrẹ́ tí àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ère ìbejì. Ní 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn nínú ìwọ̀n.

9/ Owó yẹn dùn, àwọn tó ń kọ ọ́ ò sì ní sùúrù. Wọ́n kọ igi láti ìdí dé òkè, wọ́n kọ ọ́ yí po, igi gbẹ. Kó tó di 1900, ọjà náà ti wó. Ìrẹ́ tó ti wà nínú igbó láti ayébáyé, ọdún mẹ́rin-márùn-ún ló ná wọn láti pa á. Ojú táyà bàísíkù àwọn òyìnbó ló kú sí. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ọba Ìfọ́n. Irú igi wa ló kọ́kọ́ lọ, kí táyà tó padà wá bá wa.

10/ Rọ́bà tí ẹ ń rí lóko lónìí kì í ṣe ìrẹ́. Igi ilẹ̀ Brazil ni. Henry Wickham ló kó èso ẹ̀ lọ sí London ní 1876, ibẹ̀ ló ti tàn dé Éṣíà àti ọ̀dọ̀ wa. Tí ẹ bá gba Ìfọ́n wọ ilẹ̀ Ẹdó, ẹ ó rí oko ẹ̀, igi tò lọ gbọọrọ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ní Ìyánọ́mọ̀, lẹ́bàá Benin, ni ilé ìwádìí rọ́bà ìjọba àpapọ̀ wà láti 1961. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: rọ́bà ò jìnnà sí wa rárá.

11/ Ọkọ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ṣe é fi ọkọ̀ rìn láti 1906. Nígbà tó yá, bọ́lẹ̀kájà gbòde, lọ́rì onípákó tó ń kó kòkó, tó ń kó èèyàn. Ọ̀wọ̀ tí kòkó àti gẹdú pọ̀ sí ò gbẹ́yìn. Iwájú lọ́rì wọ̀nyẹn rọrùn: irin kan gbọọrọ láti táyà dé táyà. Kò sí ohun púpọ̀ tó lè yẹ̀. Mẹkáníìkì á na okùn láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, á fi téèpù wọn ọ́n, ó parí.

12/ Ó yá, kí ni nǹkan tí okùn yẹn ń wọ̀n? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé mẹ́ta, kíákíá. Àkọ́kọ́: ẹ wo iwájú bàísíkù. Irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú ò dúró ṣánṣán, orí ẹ̀ fì sẹ́yìn. Tí ẹ bá fi ojú fa irin yẹn dé ilẹ̀, á kan ilẹ̀ ṣíwájú ibi tí táyà ti tẹlẹ̀. Táyà wá ń wọ́ tẹ̀lé e, bí àgùntàn ṣe ń tẹ̀lé ẹni tó di okùn ẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi lè jọ̀wọ́ ọwọ́ méjèèjì lórí bàísíkù. Ọkọ̀ náà ní i. Caster ni wọ́n ń pè é.

13/ Ìkejì ni toe. Ẹ dúró, ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Tí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ méjèèjì bá kọjú síta bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tàbí tí àtàǹpàkò méjèèjì bá kọjú síra, ẹ ti rí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí iwájú táyà méjèèjì súnmọ́ra ní ìwọ̀nba tó kéré gan-an, nítorí ìyẹn ń jẹ́ kó fara balẹ̀. Tí wọ́n bá kọjú síta, táyà kọ̀ọ̀kan fẹ́ lọ síbi tó wù ú. Ọkọ̀ á máa rìn kiri lórí títì bí ọ̀mùtí.

14/ Ìkẹta ni camber: bóyá orí táyà fì sínú tàbí síta tí ẹ bá wò ó láti iwájú. Táyà tó fì á fẹ́ yí lọ síbi tó fì sí, bí owó kọ́ìnnì tí ẹ yí lórí tábìlì. Tí méjèèjì bá fì bákan náà, wọ́n ń fagbára ara wọn. Tí ọ̀kan bá fì ju èkejì lọ, ọkọ̀ fà. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn: kì í ṣe pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dára nìkan, ó gbọ́dọ̀ bá ẹnìkejì ẹ̀ mu.

15/ Ìtàn wa tún ní ohun tirẹ̀ níbẹ̀. Títì kì í tẹ́jú. Wọ́n máa ń gbé àárín ẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn dànù. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, òsì ni a ń wà ní Nàìjíríà, bíi ti gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ yẹn la ti bọ́ sí ọ̀tún. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ sí òsì tẹ́lẹ̀ wá ń tì í sí ọ̀tún. Nítorí náà, tí ọkọ̀ yín bá rọra ń súnmọ́ ọ̀tún, ó lè jẹ́ títì. Tó bá ń fà sí òsì, tó ń gun òkè títì, àrùn nìyẹn, ẹ má jiyàn.

16/ Àkókò tó dára náà wà. Michelin ṣí ilé iṣẹ́ táyà ní Port Harcourt ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dunlop ṣí tiẹ̀ ní Ìkẹjà láàárín ìgbà yẹn náà. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Èèyàn lè wọ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná pẹ̀lú táyà tí wọ́n ṣe ní Ìkẹjà. Táyà mẹ́rin, orúkọ kan, ọdún kan. Ẹ fiyè sí ìyẹn: mẹ́rin tó jọra.

17/ 504 yìí ò dà bí bọ́lẹ̀kájà o. Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ló ń fò lọ́tọ̀. Ó tù ú nínú kòtò, ara èèyàn ò ní mì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i: lower arm ti dé, búùṣì ti dé, tie rod méjì ti dé, ibi tó lè yẹ̀ ti pọ̀. Ọkọ̀ tí ìgbádùn ẹ̀ pọ̀ sí i, ìtọ́jú ẹ̀ náà ní láti pọ̀ sí i. Okùn àti téèpù àtijọ́ ò lè rí gbogbo ẹ̀ mọ́.

18/ Táyà pàápàá yí padà. Michelin ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà radial láti 1946. Okùn inú ẹ̀ gba orí lọ tààrà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, bẹ́líìtì wà lórí ẹ̀. Ti àtijọ́, okùn inú ẹ̀ dábùú ara wọn. Ọwọ́ àwọn méjèèjì lórí títì ò rí bákan náà. Òfin àwọn tó mọṣẹ́ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀ lórí irin kan, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi radial síwájú kí ẹ fi ti àtijọ́ sẹ́yìn, torí ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú orí ẹ̀ ní kọ́nà.

19/ Lẹ́yìn náà ni 1986 dé, ètò SAP ayé Babangida. Náírà wó. Ọkọ̀ tuntun ga ju ọwọ́ olówó oṣù lọ, tòkunbọ̀ wá di ọkọ̀ wa. Nígbà tí ọkọ̀ ti jẹ́ àlòkù, kí ló kù kí táyà má jẹ́ àlòkù? Táyà tí àwọn ará òkè òkun yọ dànù nítorí òfin wọn ló ń wọlé, tí wọ́n ń ki ọ̀kan bọ inú èkejì kó lè gba àyè díẹ̀ nínú kọ̀ńténà.

20/ Ní 2007, Michelin ti ilé iṣẹ́ Port Harcourt. Ní 2008, Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Iná mànàmáná tí wọ́n ń fúnra wọn dá gbówó lórí, táyà ilẹ̀ òkèèrè sì ń wọlé ní pọ́ọ́kú. Rọ́bà wà lóko ní Ẹdó, ó wà lóko ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tó so méjèèjì pọ̀ já. Láti 1895 dé 2008, a tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀: rọ́bà ń lọ, táyà ń bọ̀.

21/ Ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ̀wé lórí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà yẹn. Ohun tí mi ò rí kí wọ́n sọ ni pé bí a ṣe ń ra táyà yí padà. A ò ra mẹ́rin mọ́. Ẹyọ kan la ń rà, èyí tó bá bẹ́ la ń pààrọ̀. Ọ̀tún ọdún yìí, òsì ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọ̀kan ilẹ̀ Jámánì, ọ̀kan ilẹ̀ Ṣáínà. Táyà jẹ́ ìbejì o, jàre. Táyà méjì tó wà lórí irin kan tí gíga wọn ò dọ́gba, tí líle wọn ò dọ́gba, wọ́n á fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí alignment bá tiẹ̀ pé.

22/ Mo wọ ọkọ̀ akérò kan lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo jókòó níwájú. Ọwọ́ òsì dírẹ́bà ò kúrò lórí sitiárì, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ títì lọ tààrà. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ọkọ̀ yìí ń fà ni?" Ó rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, ó ti mọ́ mi lára." Mo béèrè ìdí tí ò fi tún un ṣe. Ó ní ọlọ́kọ̀ ń gba owó ọjọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́, ta ni kó san ti táyà? Ọlọ́kọ̀ á ní dírẹ́bà ló jẹ ẹ́. Dírẹ́bà á ní ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Àwa mẹ́fà tí a wà nínú ẹ̀ la wá ń fi ẹ̀mí dúró fún gbèsè yẹn.

23/ "Ó ti mọ́ mi lára" gan-an ni ewu ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí táyà kan bá yà kúrò ní ọ̀nà ẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin dígírì péré, ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n nínú kìlómítà 1, ó ti wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bíi mítà 4. Láti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, bíi kìlómítà 50, ó ti lé ní mítà 200 tí ẹ fi táyà yẹn họ títì bí ẹni ń fi òkúta ra ẹsẹ̀. Rọ́bà tí ẹ rà ló ń jẹ.

24/ Táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjò ló máa ń tú àṣírí ẹ̀. Ojú ọ̀nà inú táyà ni omi ń gbà sá kúrò lábẹ́ ẹ̀. Tó bá ti dán, omi á gbé e sókè, kò kan ilẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tí dírẹ́bà ti fi ń fa sitiárì sí òsì láti àárọ̀, ṣé ẹ rí i, ọwọ́ yẹn ṣì ń fà. Nígbà tí táyà bá tún kan ilẹ̀ lójijì, ọkọ̀ á fò sí ibi tí ọwọ́ ń fà á sí. Òsì. Ibi tí tírélà ti ń bọ̀ láti Benin.

25/ Kì í ṣe pé ìjọba ò sọ̀rọ̀. FRSC wà láti 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹta 2016, mínísítà James Ocholi kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ lọ́nà Kàdúná sí Àbújá, FRSC ní táyà ọkọ̀ náà ló bẹ́. Mínísítà ni o. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ "táyà tó ti kọjá ọjọ́" pọ̀ lẹ́nu wọn. Àmọ́ ìkìlọ̀ ojú pópó máa ń mọ sórí ọjọ́ orí táyà. Ta ló ń béèrè bóyá ọ̀tún àti òsì bára mu?

26/ Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì ṣá. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ wá DOT. Ní ìparí ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin wà. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, ẹ má bi mí ní nǹkan kan, ẹ sá: kó tó di 2000 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Dúdú tí wọ́n fi kùn ún ní ọjà ò sọ ọ́ di ọmọdé.

27/ Ohun tí ẹ lè fúnra yín ṣe: (a) Ẹ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá tó ni ọkọ̀ ń fà sí. (b) Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà lọ, ra bọ̀. Tó bá dán lọ́ọ̀ọ́kan tó ń gé yín lọ́wọ́ bí ayùn níbi èkejì, toe ni. Tó bá jẹ inú tàbí ìta nìkan, ẹ fura sí camber. Tó bá jẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, afẹ́fẹ́ ò tó. Tó bá jẹ àárín, ó pọ̀ jù.

28/ (d) Ẹ pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì, ọ̀tún sí òsì, bí ìlà ojú ẹ̀ bá gbà á. Tí fífà náà bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, táyà ló ń ṣe é, ẹ má lọ náwó alignment. Tí kò bá yí padà, ẹ lọ. (e) Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, kí mẹkáníìkì mi ẹsẹ̀ iwájú wò. Tí búùṣì tàbí tie rod bá ti kú, alignment orí ẹ̀ ò ní dé ilé. Kòtò àkọ́kọ́ ló máa tú u.

29/ Mo mọ ohun tí wọ́n á kọ sábẹ́ èyí: "Owó dà?" Òótọ́ ni, táyà mẹ́rin tuntun kì í ṣe owó kékeré, mi ò sì ní bú dírẹ́bà tó ń wá oúnjẹ ọmọ ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò tó mẹ́rin. Méjì ni. Ẹ ra méjì pọ̀, kí wọ́n jọra, kí ẹ fi wọ́n sórí irin kan. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì lè sọ ọ́ di òfin láàárín ara wọn àti ọlọ́kọ̀: ta ló ń san táyà, ìgbà wo. Ìjíròrò ọjọ́ kan ni.

30/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n, Ìkàrẹ́, ẹ lọ ka nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ táyà ọ̀tún àti òsì iwájú ọkọ̀ yín, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí. Tí méjèèjì bá bára mu, mo kí yín. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ fi òwú yìí han ọlọ́kọ̀. Ọ̀la ni mo máa kọ ti bíréèkì, ó ní ìtàn tiẹ̀.